Ṣé ìdánwò àjọṣe tí gbogbo ilé-ìwé ń ṣe máa ń mú kí ọmọ mọ̀wé sí i?

Ohun tí wọ́n bá fi èsì rẹ̀ ṣe ló ń pinnu. Bí olùkọ́ bá fi wá ibi tí ọmọ kù sí, ó wúlò. Wàhálà dé nígbà tí owó ilé-ìwé, iṣẹ́ olùkọ́ tàbí ìgbéga ọmọ bá rọ̀ mọ́ máàkì kan ṣoṣo.

Ní Amẹ́ríkà, òfin No Child Left Behind tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2002 ní kí wọ́n máa dán àwọn ọmọ kíláàsì 3 sí 8 wò lọ́dọọdún nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wá gé àkókò ìtàn, orin àti iṣẹ́ ọnà kù. Àwọn olùkọ́ míì gbájú mọ́ ọmọ tó kù díẹ̀ kó yege. Èyí tó jìnnà sí i di ẹni ìpatì. Ìyẹn ló burú jù lójú tèmi, torí iye àwọn tó yege lè pọ̀ sí i síbẹ̀. Ní Atlanta, wọ́n tilẹ̀ ń pa ìdáhùn ọmọ rẹ́ láti fi èyí tó tọ̀nà rọ́pò. Ilé ẹjọ́ dá olùkọ́ àti alákòóso 11 lẹ́bi ní 2015.

Ìdánwò kéékèèké tí kò sí nǹkan ńlá lórí rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró sínú ọpọlọ ọmọ ju àtúnkà lásán lọ, pàápàá bí ọmọ bá rí ìdáhùn tó tọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìpinnu ńlá, ẹ wo máàkì pọ̀ mọ́ iṣẹ́ kíláàsì: ọmọ kan náà lè yege lónìí, kó fi máàkì díẹ̀ kùnà lọ́la.