Fláàṣì láàárín Mac àti Windows

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sábó, Ìkòròdú, ni mo ti ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò òde ìnáwó. Windows ni mo ń lò, àmọ́ Mac ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníkámẹ́rà tó ń gbé iṣẹ́ wá. Fláàṣì àwọn kan kì í ṣí rárá. Bí ti àwọn mìíràn bá ṣí, fídíò wọn á kọ̀, kò ní wọ fláàṣì tèmi, bẹ́ẹ̀ àyè ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tó ṣe fáìlì yín. Bí wọ́n ṣe fọ́mátì fláàṣì, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi to inú rẹ̀ láti gba fáìlì, ni wàhálà ibẹ̀.

Irú fọ́mátì tí wọ́n ń pè ní FAT32 ló wà nínú ọ̀pọ̀ fláàṣì tó tó 32GB sísàlẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kì í gbà á, ṣùgbọ́n fáìlì ẹyọ kan kò gbọdọ̀ tó 4GB nínú rẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó tó jẹ́ 6GB kò ní wọ̀ ọ́, kódà kó ṣófo pátápátá. NTFS ni ti Windows: Mac á ka ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ kò ní lè kọ nǹkan sí i. APFS àti Mac OS Extended ni ti Mac, Windows kò sì mọ̀ wọ́n rárá.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù nìyí. Tí ẹ bá ki fláàṣì Mac bọ kọ̀ǹpútà yín, Windows lè sọ pé kí ẹ fọ́mátì í kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, Cancel ni kí ẹ tẹ̀! Fláàṣì náà kò bàjẹ́. Tí ẹ bá tẹ Format, ẹ ti pa iṣẹ́ oníṣẹ́ rẹ́ nìyẹn. Ẹ dá a padà fún oníkámẹ́rà, kó kó fáìlì náà sórí fláàṣì tó jẹ́ exFAT, irú fọ́mátì mìíràn.

exFAT ni kí ẹ jọ fẹnu kò sí. Windows àti Mac ń kà á, wọ́n sì ń kọ sí i (Mac ti ń gbà á láti 2010), fídíò ńlá kì í sì í dí i lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú fláàṣì síbòmíràn, torí gbogbo rẹ̀ ló máa parẹ́. Lórí Windows, ẹ ṣí This PC, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fláàṣì náà, ẹ yan Format, ẹ mú exFAT, ẹ jẹ́ kí Allocation unit size wà bó ṣe wà, kí ẹ tẹ Start. Lórí Mac, Disk Utility ni: View, Show All Devices, kí wọ́n mú orúkọ fláàṣì tó wà lókè pátápátá, kì í ṣe èyí tó wọnú lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà Erase, ExFAT, Master Boot Record. Ẹ fi fláàṣì kékeré kan sílẹ̀ ní FAT32 ṣá o, torí ọ̀pọ̀ rédíò mọ́tò kì í ka exFAT.

Àlébù exFAT kan wà: bí iná bá lọ tàbí tí ẹnì kan já fláàṣì yọ nígbà tó ṣì ń kọ, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lè dàrú. Ẹ máa tẹ Eject kí ẹ tó yọ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní bátìrì, ẹ wá UPS (ẹ̀rọ tó ń gbé iná dúró díẹ̀ bí iná bá lọ) sí i. Kí oníkámẹ́rà má sì pa tọwọ́ rẹ̀ rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí ẹ̀dà tiyín wò dópin.

Ẹ lè rí fáìlì méjì tó jọra: Igbeyawo.mp4 àti ._Igbeyawo.mp4, tí ìkejì kò ju 4KB lọ. Àkọsílẹ̀ Mac ni kékeré yẹn, kò lè ṣí bíi fídíò. Èyí tó tóbi ni iṣẹ́ yín.

Ní ti orúkọ fáìlì, Windows kì í gba àmì bíi / : * ? nínú rẹ̀. Dípò 12/4, kí wọ́n kọ 12-4.

Bí ìwé títẹ̀ bá dé ní .pages (fáìlì Pages, ètò ìkọ̀wé Mac), Word kò ní ṣí i. Kí oníbàárà wọ File, Export To, kó yan PDF. Àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà Yorùbá á dúró bó ṣe tẹ̀ wọ́n.