Mac ló wà nílé, Windows ni fáìlì ń béèrè: bí ẹ ṣe lè fi firmware tuntun sí strímà Bàbá ní Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, torí iṣẹ́ yìí, bí èèyàn bá fi ìkánjú ṣe é, ẹ̀rọ náà lè kú pátápátá. Bó ṣe yé mi nìyí: strímà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé rédíò jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá, tí wọ́n so mọ́ ampilifáyà wọn nínú pálọ̀ ní Òkèsà, kò gbé rédíò òkè òkun tí wọ́n ń gbọ́ láràárọ̀ jáde mọ́. Àwọn tó ṣe é ní firmware tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà láti inú, ni kí ẹ fi sí i. Fáìlì tí wọ́n fún yín, .exe ni, Windows nìkan ló lè ṣí i. MacBook sì ni àbúrò yín obìnrin tó wà lọ́dọ̀ Bàbá ń lò. Ẹ̀yin fẹ́ jókòó sí Leeds kí ẹ máa darí rẹ̀ lórí fóònù.

Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti Bàbá tèmi ni, Mac ni n óò lò gbẹ̀yìn, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ̀rọ wọn kò bàjẹ́. Àwọn tó ń gbé rédíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa pààrọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé e. Ní 2023, BBC pa ọ̀nà MP3 tó ti ń lò tipẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí firmware inú wọn ti gbó kò sì rí i gbọ́ mọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ní ìparí oṣù September 2021, ọjọ́ pé lórí ìwé ẹ̀rí ààbò àgbà kan tí àwọn ìkànnì tó ń lo Let's Encrypt, àjọ tó ń fún ìkànnì ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, gbára lé, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tún inú rẹ̀ ṣe kò sì gba irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Èdè tí ẹ̀rọ Bàbá gbọ́ ni wọn kò sọ mọ́. Firmware tuntun ló máa kọ́ ọ ní èyí tí wọ́n ń sọ báyìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Windows, kí àbúrò yín wọ inú Settings strímà náà fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá ó lè fa firmware láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Kí ẹ̀yin náà tú ìkànnì àwọn tó ṣe é dáadáa. Nígbà míì, lábẹ́ .exe yẹn, ẹ ó rí fáìlì mìíràn tó wà fún fúláàṣì. Bí ẹ bá rí i, ìṣòro Windows ti tán, Mac sì tó iṣẹ́ náà ṣe. Kó fi fúláàṣì tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀ sínú Mac, torí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa parẹ́. Kó ṣí Disk Utility, kó tẹ View, kó yan Show All Devices, kó tẹ orúkọ fúláàṣì tó wà lókè pátápátá, kó wá tẹ Erase: MS-DOS (FAT) ni Format, Master Boot Record ni Scheme. Ohun méjì ló máa ń da àwọn tó ń lo Mac láàmú níbí. Safari máa ń tú fáìlì .zip fúnra rẹ̀ tó bá ti dáńlóòdù rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ .zip náà gan-an ni ẹ̀rọ míì fẹ́ rí. Ìkejì, Mac máa ń da àwọn fáìlì kéékèèké tí ojú kò rí sórí fúláàṣì, orúkọ wọn a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ._, strímà á sì rò pé firmware ni. Kó ṣí Terminal, ètò tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Mac, kó tẹ dot_clean -m /Volumes/ pẹ̀lú orúkọ fúláàṣì náà, gbogbo wọn á lọ.

Bó bá jẹ́ .exe nìkan ni wọ́n ní lóòótọ́, irú Mac tó wà nílé ló kù ká mọ̀. Kó tẹ àmì ápù tó wà lókè lápá òsì, kó yan About This Mac. Bó bá rí Intel, Mac àtijọ́ nìyẹn, Boot Camp wà nínú rẹ̀, ó lè gbé Windows 10 wọlé bí Windows gidi. Bó bá rí M1, M2 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, irú èyí tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní November 2020, kò sí Boot Camp níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí Windows máa ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lórí Mac. UTM ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. VMware Fusion náà ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn láti November 2024. Owó ni wọ́n ń san fún Parallels, òun ló sì rọrùn jù fún ẹni tí kò ṣe é rí.

Windows 11 ti Arm (ARM64), ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà nínú M1, ni irú Mac bẹ́ẹ̀ máa gbà. Fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e wọlé lé ní gígábáìtì 5, ó sì ń fẹ́ àyè gígábáìtì 64 lórí Mac. Ẹ fi owó dátà yẹn kún ìṣirò yín. Èèyàn kan tó ń bọ̀ wálé fún Kérésì lè bá yín mú un wá lórí fúláàṣì.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dojú rú gan-an ni bí .exe yẹn ṣe ń wá strímà kàn. Ọ̀nà méjì ni. Àwọn kan ń wá a lórí ráútà ilé, àwọn kan ń wá a lórí wáyà USB.

Bó bá jẹ́ orí ráútà ni, Windows tó wà nínú Mac kì í sábà sí lórí ráútà yẹn tààrà. Mac ló ń fi ara rẹ̀ bò ó, ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún un. Windows á ṣí Google, á ṣí gbogbo nǹkan, ẹ ó rò pé kò sí wàhálà, síbẹ̀ kò ní rí strímà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Kó wọ inú ètò Network fèrèsé náà, kó yí i láti Shared sí Bridged, ìyẹn èyí tó máa gbé Windows sórí ráútà tààrà. Kó fi wáyà so Mac mọ́ ráútà bó bá ṣeé ṣe, torí Bridged kì í bá Wi-Fi rẹ́ dáadáa nígbà míì. Lórí macOS Sequoia àti èyí tó tẹ̀ lé e, Mac á tún béèrè bóyá kó jẹ́ kí ètò náà rí àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú ilé. Bó bá ti tẹ Don't Allow láìmọ̀, kó lọ sí Privacy & Security, kó tún Local Network ṣe níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ wáyà USB ni, ẹ ní láti ṣọ́ra gidigidi. Mo bá aládùúgbò mi kan ní Parákìn ṣe irú rẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí. A so ẹ̀rọ náà mọ́ Mac, Windows inú fèrèsé rí i, a tẹ Start. Iná funfun iwájú rẹ̀ kú, ó padà tàn ní àwọ̀ ọsàn, ètò náà sì dúró gbagidi, ó ní òun ń retí ẹ̀rọ. Bí firmware bá fẹ́ wọlé, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, á padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn, bí ẹni tó bọ́ṣọ iṣẹ́ wọ̀. Mac rí ẹni tuntun, ó gbà á sọ́dọ̀, kò fi lé Windows lọ́wọ́. A sáré lọ sínú àtòjọ USB, a tọ́ka orúkọ tuntun náà sí Windows, iṣẹ́ bá ń lọ. Kí àbúrò yín mọ ibi tí àtòjọ yẹn wà kó tó tẹ Start. Bí fèrèsé náà bá ní ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó máa gbé gbogbo USB fún Windows fúnra rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́.

Èyí tí kò ní àtúnṣe nìyí: bí .exe náà bá ń fẹ́ dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn, tí àwọn tó ṣe é kò sì ṣe ti ARM64, kò sí bí Mac M1 ṣe lè ṣe é. Windows ti Arm lè ṣí ètò Windows àtijọ́, kò lè lo dráífà àtijọ́. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ná owó dátà kankan. Ẹnì kan sọ fún yín pé Wine tàbí CrossOver, àwọn ètò tó ń ṣí fáìlì Windows lórí Mac, á ṣe é láìsí Windows. Fún ètò lásán, ó dára. Fún firmware orí wáyà USB, ẹ má ṣe dán an wò.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Strímà tèmi ni mo ń tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti wà láti ìrọ̀lẹ́, mo fọkàn tán an. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, mo rò pé ìyẹn tó. Ìlà tó ń fi iye tó ti ṣe hàn dé 71, ilé ṣókùnkùn. Láptọ́ọ̀pù ṣì ń tàn sí mi lójú, ṣùgbọ́n strímà kò ní bátìrì kankan nínú. Nígbà tí iná padà dé, iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ tàn, kò sì yí padà mọ́, bó ti wù kí n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó. Òkè òkun ni wọ́n ti lè tún un ṣe, owó ìfiránṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi rà á. Inú páálí ló wà di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nítorí náà, strímà, ráútà àti kọ̀ǹpútà, orí ínfátà ni kí gbogbo wọn wà, kí bátìrì ínfátà sì ti kún. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ló wà, kí wọ́n rọ epo kún un, kí ẹnikẹ́ni má sì yí i padà sí NEPA láàárín iṣẹ́ torí pé iná dé. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kó tẹ caffeinate -di nínú Terminal kí Mac má bàa sùn, kó má sì pa ìdérí rẹ̀ dé.

Ohun tí èmi máa ṣe gan-an ni pé n óò yá láptọ́ọ̀pù Windows fún wákàtí kan. Yunifásítì Iléṣà kò jìnnà sí yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo Windows pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìjọ kan kò ní ṣàìsí. Láìsí fèrèsé, láìsí Bridged, láìsí pé USB ń yí orúkọ padà mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá rí, Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ, mo sì máa ń wá sí Iléṣà ní Sátidé. N óò gbé tèmi dání, n óò sì kí Bàbá.

Ẹ̀yin ni kí ẹ dáńlóòdù fáìlì náà ní Leeds, láti ìkànnì àwọn tó ṣe é nìkan. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi Document. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà SHA-256, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan kan yí padà nínú fáìlì, sí ìkànnì, kí àbúrò yín tẹ shasum -a 256 pẹ̀lú orúkọ fáìlì nínú Terminal, kó ka mẹ́jọ àkọ́kọ́ àti mẹ́jọ ìgbẹ̀yìn fún yín. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, kí wọ́n pa fáìlì náà rẹ́. Kó tún ya fọ́tò gbogbo ojú Settings strímà, torí firmware tuntun lè nu àwọn rédíò tí Bàbá ti tò síbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi. Láti ìparí October sí ìparí March, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú yín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òwúrọ̀ Sátidé, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ ní kí àbúrò yín yí strímà náà dojú dé, kó ya fọ́tò àkọlé tó wà nídìí rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbí pẹ̀lú ohun tí About This Mac sọ. Kó fi ìka bo nọ́ńbà sírì rẹ̀, orúkọ àti irú ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni mo nílò. Mo ń retí rẹ̀.