Èsì: Ibi tó yẹ kí client Swing wà nínú build Maven

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ki client Swing yín (ètò Java olójú fèrèsé tí òṣìṣẹ́ ń lò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀) bọ inú EAR (àpò tí a fi ń gbé ètò Java lọ sórí sáfà), kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa fà á láti orí sáfà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Java Web Start tí a fi ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ti kúrò nínú JDK (àkójọ irinṣẹ́ Java) láti Java 11, lọ́dún 2018.

Nínú Maven, irinṣẹ́ tó ń kó ètò Java jọ, ẹ ya module kan (apá kan nínú iṣẹ́ náà) sọ́tọ̀ fún client náà, kó má gbára lé ohunkóhun ju module kékeré tí interface (àdéhùn ohun tí client lè bèèrè lọ́wọ́ sáfà) àti DTO (ohun tí a fi ń gbé dátà láàárín wọn) wà lọ. Èmi jẹ́ kó gbára lé module EJB (ibi tí kóòdù iṣẹ́ sáfà wà) nígbà kan. Gbogbo jar (fáìlì àkójọ kóòdù Java) tí sáfà ń lò ló rọ́ wọnú rẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tú u palẹ̀.

Jpackage, irinṣẹ́ JDK tó ń sọ ètò di ohun tí a lè fi sórí kọ̀ǹpútà, ló kù. Ó máa ń di Java mọ́ client náà, òṣìṣẹ́ kò ní wá Java kiri. Ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ló ti lè ṣe msi (fáìlì tí Windows fi ń gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà), ó sì nílò WiX (irinṣẹ́ tó ń ṣe msi) níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àmì ìdánimọ̀ tí ẹ fún --win-upgrade-uuid yí padà láéláé o: òun ni Windows fi ń mọ̀ pé kó yọ ti àtijọ́ kúrò.