Iléeṣẹ́ ti kógbá sílé, owó ìfẹ̀yìntì mi ńkọ́?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ká mi lára. Ọdún 9 lo fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń yọ owó 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, nínú owó iṣẹ́ rẹ. Iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, kò sì sẹ́ni tó ń gbé fóònù mọ́. 18,000 dọ́là lo rí níbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ní kó o tètè gba gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́ kó tó wọgbó. Ọkọ rẹ ò sì tíì gbọ́ pé o ò mọ ibi tí owó náà wà.

Fọkàn balẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe owó iléeṣẹ́. Òfin ERISA tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1974 láti dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ló ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ìní agbanisíṣẹ́, nítorí náà àwọn tí iléeṣẹ́ jẹ lówó kò lè fọwọ́ kàn án. Kódà, bí wọ́n bá ti fòpin sí ètò náà, èyí tí ọ̀gá ń fi kún un ti di tìrẹ pátápátá, ì báà jẹ́ pé ọdún tí wọ́n dá fún ọ kò tíì pé.

O ní àwọn àpòòwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ò tíì ṣí, torí o rò pé ìpolówó ni. Àwọn gan-an ni kó o tú lónìí. Ẹni tó ń tọ́jú owó yìí yàtọ̀ sí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì sábà máa ń wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òun ni kó o pè. Lẹ́yìn náà, mú fọ́ọ̀mù W-2 rẹ tó kẹ́yìn, ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń fún ọ lọ́dọọdún, wo àpótí 12. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà D ni wọ́n yọ fún 401(k) lọ́dún yẹn. Fi wé ohun tó wọ àkáǹtì. Bí wọ́n bá yọ owó tí kò sì débẹ̀, ẹjọ́ gidi nìyẹn, má ṣe gbé e mì. Fi tó EBSA létí, ẹ̀ka Department of Labor (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí o kò bá rí orúkọ kankan nínú àpòòwé, EBSA yìí kan náà ló máa bá ọ wá a. Wọ́n ní ètò fún àwọn 401(k) tí ọ̀gá wọn ti fi sílẹ̀ lọ, àti ibi ìwákiri tí wọ́n ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lópin 2024, Retirement Savings Lost and Found.

Ní ti ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n rẹ, mo bẹ̀ ọ́, má gbà á. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ná ọ lówó. Bí wọ́n bá kó 18,000 lé ọ lọ́wọ́, 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ fún owó orí: 3,600 dọ́là ti lọ nìyẹn. Ẹni ọdún 46 ni ọ́, o kò tíì pé 59 àti ààbọ̀, nítorí náà ìtanràn 10 nínú ọgọ́rùn-ún tún lè tẹ̀ lé e, ìyẹn 1,800. Sọ fún wọn pé “direct rollover” lo fẹ́: kí wọ́n gbé e tààrà lọ sínú àkáǹtì IRA (àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń ṣí fúnra rẹ̀) tàbí 401(k) ibi iṣẹ́ rẹ tuntun. Bí wọ́n bá máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì, orúkọ ibi tó ń lọ ni kí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bó bá ti wá sọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ 60 péré lo ní láti dá a padà, ìwọ fúnra rẹ ló sì máa wá 3,600 tí wọ́n yọ yẹn kó tó lè pé.

Ó wá ku ọkọ rẹ. Òfin ERISA yẹn kan náà ló ní òun ni owó 401(k) náà máa já sí lọ́wọ́ bí nǹkan bá ṣe ọ́, àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn án. O kò jalè, àpòòwé ni o kò ṣí. Kó wọn jáde lálẹ́ òní, gbé wọn síwájú rẹ̀, kí ẹ jọ ṣí wọn. Bí ẹ bá rí orúkọ tí à ń wá, kọ̀wé sí mi.