Oòrùn kọ́ ló bẹ́ táyà mi

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní tòkunbọ̀ báìkì ńlá Honda Gold Wing GL1800 lo rà, àárín táyà ẹ̀yìn ti ń jẹ, fọkanáísà àdúgbò yín ní kó o má fẹ́ ẹ kọjá 30 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) torí oòrùn, mẹkáníìkì rẹ sì ní kó o gbé táyà mọ́tò sí i kó o sinmi. Kó o tó ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀, jọ̀ọ́, gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Oṣù Kẹta ọdún 2019 ni. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ síbi ìnáwó kan ní Ìlọrin, gbogbo àpótí báìkì ló kún. Mo ti sáré káàkiri Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Mọ́kọ́lá pé kó bá mi géèjì táyà. Ó wò ó, ó ní eléyìí ti pọ̀ jù nínú oòrùn yìí, á bẹ́. Ó yọ ti ẹ̀yìn títí ó fi di 32. Mo dúpẹ́, mo sanwó.

A kọjá Ọ̀yọ́, a forí lé Ògbómọ̀ṣọ́, ni ẹ̀yìn báìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ẹja. Mo rò pé afẹ́fẹ́ tírélà tó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ni. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ gbàù, ẹ̀yìn sì rì wálẹ̀. Ọlọ́run ló kó mi yọ tí mi ò fi tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, mo dẹ iná, mo jẹ́ kí eré rẹ̀ kú fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá fi bíréèkì iwájú rọra mú un títí a fi dúró sínú koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyàwó mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn di ẹ̀wù mi mú. Ó tó ọdún kan gbáko kó tó tún gùn ún.

Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn ya tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ ṣì dára, kòtò inú rẹ̀ ṣì jìn. Ìgbà yẹn ni mo tó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà DOT, ìyẹn ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 1811. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo lọ rà á ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, torí pé ó ń dán.

Oòrùn kọ́ ló bẹ́ ẹ. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá kéré, gbogbo ìgbà tó bá yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ tí á tún máa nà. Títẹ̀ àti nínà yẹn ló ń dá ooru sílẹ̀, tí rọ́bà àti okùn inú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára ara wọn. Báìkì tiwa yìí nìkan ti tó nǹkan bíi 400 kílò kí èèyàn méjì tó jókòó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ nítorí ooru, ooru gan-an ló ń fi kún.

36 níwájú, 41 lẹ́yìn: ohun tí Honda kọ fún GL1800 nìyẹn, táyà tó tutù ni wọ́n sì kọ ọ́ fún, ìyẹn èyí tó ti dúró síbi òjìji fún wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé á lọ sókè bó o bá ń gùn ún. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì márùn-ún sí mẹ́fà lé sí i, afẹ́fẹ́ inú táyà á fi bíi 1 psi lé. Torí náà, bó o bá bá 45 lẹ́yìn ìrìn gígùn, má fọwọ́ kan fáàfù. Bó o bá yọ ọ́ sí 41 nígbà tó gbóná, nǹkan bíi 37 lo máa bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, tí òwúrọ̀ Ìbàdàn ń tutù nini, tún un géèjì, torí afẹ́fẹ́ tó tó lọ́sàn-án oṣù Kẹta kò ní tó mọ́.

Ohun tí èmi ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń géèjì rẹ̀ nílé kí n tó jáde, màá gùn ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní eré ojú títì, màá tún géèjì rẹ̀. Bí 41 bá di 44 tàbí 45, ọkàn mi balẹ̀. Bó bá fò kọjá ìyẹn dáadáa, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kéré fún ẹrù tí mo kó, tàbí pé ẹrù pọ̀ jù. Géèjì tìrẹ ni kó o rà. Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà mẹ́ta ládùúgbò wa, kò sí méjì tó bára mu. Mi ò bá wọn wí, irin tó ń jábọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè sòótọ́ títí. Ibi tí fáàfù ẹ̀yìn GL1800 wà tún há, nítorí náà ní kí wọ́n fi fáàfù onírin tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sí i nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ táyà.

Ní ti táyà tó o máa rà, 180/60R16 74H ni ti ẹ̀yìn, 130/70R18 63H ni ti iwájú. (GL1800 ọdún 2018 sókè ń lo 200/55R16 lẹ́yìn, má jẹ́ kí wọ́n gbé ìyẹn fún ọ.) Nọ́ńbà 74 ni kó o tẹjú mọ́: ó túmọ̀ sí pé táyà náà lè ru 375 kílò. 63 ń ru 272. Ọlọ́jà á sọ pé sáìsì ti bára mu, kí lo tún ń wá. Bí nọ́ńbà ẹrù bá ti kéré sí èyí, fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ka táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́rin sí èyí tó ti kọjá àsìkò, òfin ilẹ̀ wa ò sì gbà kí wọ́n kó táyà àlòkù wọlé láti òkèèrè, bí ó tilẹ̀ kún ọjà. Mo ti lo Bridgestone Exedra, mo ti lo Dunlop Elite 4, méjèèjì sìn mí dáadáa.

Àárín táyà rẹ tó ń jẹ yẹn kò fi hàn pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tọ́ gbọrọ, àárín nìkan lò ń lò. Bó bá ti dọ́gba pẹ̀lú àmì kékeré inú kòtò rẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé.

Táyà mọ́tò ńkọ́? Àwọn kan ń ṣe é lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi 195/55R16 sí i. Èmi ò ní ṣe é láéláé. Ojú táyà mọ́tò tẹ́ pẹrẹsẹ, báìkì sì gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ kó tó lè gba kọ́nà. Bó bá dẹ̀gbẹ́ tán, igun táyà lo máa gùn. Ètè rẹ̀ tó ń wọ ríìmù náà yàtọ̀ sí ti báìkì.

Bí wọ́n bá ti gbé tuntun sí i, rí i pé ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dojú kọ ibi tí táyà ń yí sí, kó o sì rọra gun kìlómítà 160 àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ á ṣì máa yọ̀. Má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn títí o fi parí ìyẹn.