Ṣé àrífín ni kéèyàn dìde jáde láàárín Einstein on the Beach?

Ẹnì kan béèrè pé òun gbọ́ pé opera kan wà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, tí wọ́n ń pè ní Einstein on the Beach, tó ń gba bíi wákàtí márùn-ún, táwọn òǹwòran á máa wọlé á máa jáde bó ṣe wù wọ́n, ó ní ṣé kì í ṣe àrífín sáwọn akọrin ni, àti pé kí ló dé tó jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n ń kà dípò orin.

Rárá o, kì í ṣe àrífín, àwọn tó ṣe é gan-an ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Philip Glass ló ṣe orin ẹ̀, Robert Wilson ló ṣètò orí ìtàgé, ọmọ Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì àmọ́ Avignon nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní July 1976 kó tó dé Metropolitan Opera, ilé opera ńlá kan ní New York, ní November. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́, síbẹ̀ gbèsè ni wọ́n jẹ gbẹ̀yìn, Glass padà sídìí takisí tó ń wà tẹ́lẹ̀.

Kò sí bíréèkì nínú ẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà kẹ́ ẹ jáde lọ tọ̀, kẹ́ ẹ mu omi, kẹ́ ẹ padà wá jókòó. Kò sí ìtàn tó máa fò yín kọjá, kò sẹ́ni tó fẹ́ra, kò sẹ́ni tó ń gbẹ̀san. Ọkọ̀ ojú irin, ilé ẹjọ́, pápá tí ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú ń gba òkè ẹ̀ kọjá, àwọn yẹn ló ń padà wá ṣáá. Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹn, náà wà ńbẹ̀ o, pẹ̀lú irun funfun ẹ̀, ó ń ta gòjé òyìnbó, torí ó máa ń ta á lóòótọ́ nígbà ayé ẹ̀.

Ti nọ́ńbà yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ orin náà, Glass ní káwọn akọrin máa ka bíìtì, kí wọ́n sì máa fi do-re-mi mú ohùn, ìgbà tó yá ó kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló di ọ̀rọ̀ orin. Ẹ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa, táwọn obìnrin méjì ti jókòó sídìí tábìlì káwọn òǹwòran tó wọlé tán: àwọn akọrin á kà dé mẹ́rin, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ wọ́n á kà dé mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Ẹni tó bá ní nǹkan kan náà ni wọ́n ń tún ṣe kò tíì gbọ́ ọ ni, wọ́n ń fi díẹ̀ kún un, wọ́n ń yọ díẹ̀ kúrò. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni Glass ti kọ́ ọ, nígbà tó ń bá Ravi Shankar, gbajúmọ̀ olórin Íńdíà, kọ orin sílẹ̀ ní Paris láàárín ọdún 1965 sí 1966.

Ibì kan wà tí mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni jáde, ìyẹn lápá ìparí, níbi tí ọ̀pá iná funfun gbọọrọ kan ti nà sílẹ̀ nínú òkùnkùn, tó rọra ń gbérí títí tó fi dúró ṣánṣán, tó wá gòkè lọ pátápátá, tí obìnrin kan ń kọrin láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ya fídíò ẹ̀ ní Théâtre du Châtelet ní Paris ní 2014, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ lè dìde lọ sebẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá, kò burú, ẹ sáà má sáré fò ó síwájú.