Ṣé ká sanwó "síìtì òkè" lọ sí Zanzibar?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Zanzibar, Nairobi la ti máa pààrọ̀ bàálù. A fẹ́ rí òkè Kilimanjaro. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa n'Íkẹjà ní ká fi ₦25,000 kún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun á fún wa ní "síìtì òkè", 11A àti 11B, àlọ àti àbọ̀. Ṣé ká san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi lórí tábìlì mi ní Broad Street níbí. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí o, àwọn tó sọ fèrèsé di ọjà ni.

Kò sí síìtì kankan tó ń jẹ́ síìtì òkè. Lẹ́tà A tó wà nínú 11A kò ju fèrèsé ọwọ́ òsì lọ, béèyàn bá kọjú síbi tí páílọ́ọ̀tì wà. Òkè ò kúrò lójú kan, bàálù ló ń yí. Ṣebí ará Èkó ni yín? Tí ẹ bá gba Third Mainland láti Ọ̀wọ́rọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọwọ́ ọ̀tún ni Mákòko wà. Tí ẹ bá ń padà, ó ti di òsì. Bí Kilimanjaro ṣe rí náà nìyẹn. Bàálù tó ń ti Nairobi lọ sí Zanzibar máa ń dorí kọ gúúsù àti ìlà oòrùn, òkè á wà lápá ìwọ̀ oòrùn ọ̀nà, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún yín. Nínú bàálù oníjókòó mẹ́ta-mẹ́ta, F, ìyẹn fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún, lẹ fẹ́ ní àlọ. Àbọ̀ ni A tó wúlò. Ẹni tó bá sì ń ti Nairobi yẹn kan náà lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Kilimanjaro gan-an, òsì ni kó jókòó. Báwo wáá ni A ṣe máa dáa ní àlọ àti àbọ̀?

Ká tún wo 11A yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ Boeing 737, ìlà kan wà lápá òsì, nítòsí 10 tàbí 11, tí kò ní fèrèsé, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà kọjá. Ògiri lásán lẹ máa kọjú sí. Ìyàwó yín tó wà ní 11B, etí yín ló máa wò dé Zanzibar! Ẹ jókòó síwájú apá bàálù tàbí sẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ mú fèrèsé méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Tó bá jẹ́ bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní ATR, apá rẹ̀ wà lókè fèrèsé, kò ní dí yín lójú.

Bàálù àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa ta yín lójú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ má sùn, torí kì í tó ìdajì wákàtí kí òkè tó yọ. Bí ìkùukùu bá tilẹ̀ bo ìdí rẹ̀, ẹ ṣì máa wò ó: mítà 5,895 ló ga, orí rẹ̀ sábà máa ń yọ jáde, pẹ̀lú yìnyín funfun àti kòtò ràbàtà tó wà lórí Kibo, ṣóńṣó òkè náà tó ga jù.

Mi ò fọwọ́ sọ̀yà o. Wọ́n lè yí ọ̀nà padà, wọ́n lè pààrọ̀ bàálù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù kan máa ń gbowó fún yíyan síìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn lẹ máa san án fún. Ẹ gba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, kí ẹ wọ ìkànnì ilé iṣẹ́ bàálù náà, kí ẹ yan síìtì yín fúnra yín.